Ìbòjú Ìyá Aránṣọ

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ń jowú nítorí ìyá rẹ̀, obìnrin tó lọ́kọ nílé, tó ní ọmọ méjì ní yunifásítì, tí àwọn dókítà kéékèèké ń sáré dìde fún tó bá wọlé, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Dókítà onítànṣán ni obìnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ìtànṣán pa jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú ọ̀fun, lórí ahọ́n àti lẹ́yìn imú. Ìtànṣán yìí kò ṣeé fojú rí, kò sì gbóná lára. Ẹ̀rọ ńlá kan ló máa ń yí aláìsàn po bó ti nà gbalaja lórí tábìlì, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti parí. Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni pé dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yàwòrán ibi tí ìtànṣán máa lọ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Wọ́n á ya fọ́tò inú ara ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì, dókítà á jókòó ti kọ̀mpútà, á fi ìlà pupa yí kókó náà po lórí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, á fi ìlà búlúù yí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn po, á fi yẹ́lò yí ibi tí itọ́ ti ń sun po. Tí ìlà pupa bá fi mìlímítà mẹ́ta kéré jù, jẹjẹrẹ á ṣẹ́kù síbẹ̀. Tó bá fi mẹ́ta tóbi jù, ẹnu aláìsàn lè gbẹ títí ayé. Obìnrin yìí kì í fi ìdajì mìlímítà ṣeré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Dókítà Rúlà tí kò bá sí nítòsí. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sábẹ́ rẹ̀ kó kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà náà, ọkùnrin yìí ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú fọ́tò ọrùn. Dókítà Rúlà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá kókó tó fara pamọ́ sábẹ́ àgbọ̀n. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ burúkú tó aláìsàn létí. Ọkùnrin náà gbọ́n, iṣẹ́ sì tètè mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di dókítà àgbà láyè ara rẹ̀, tó ní yàrá tirẹ̀ ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aláìsàn ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ o. Ó kàn jẹ́ pé tó bá ti wọ yàrá kan, ara àwọn tó wà níbẹ̀ á tù. Dókítà Rúlà máa ń gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ṣe ń bá awakọ̀ tí jẹjẹrẹ wà lẹ́dọ̀fóró rẹ̀ ṣàwàdà, tí awakọ̀ náà á rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ á fi gbà á. "Ṣé sinimá ni wọ́n wá wò níbí ni?" ló máa ń bi nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kì í dáhùn, torí òun náà ti ń rẹ́rìn-ín.

Owú kékeré nìyẹn. Irú rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kì í pààyàn. Èyí tó wá gbilẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fi ọdún mẹ́rìnlélógójì ránṣọ jẹun. Ìyá Aránṣọ ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é. Tó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀, ó ti mọ iye yáàdì tó máa gbà, ó sì máa sọ fún ẹni náà lójú ẹ̀ tó bá ti sanra sí i. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó pe ọmọ náà lórí fóònù. Ọmọ ń yàwòrán ọ̀fun ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó fi fóònù sáàárín etí àti èjìká, ó ní, "Màmá, ẹ máa mu omi gbígbóná, kẹ́ ẹ sì dín ariwo kù." Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan Màmá wá kí i níbi iṣẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí ara wọn. Màmá ò tíì kí i tán tí ẹ̀rín fi kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó ní, "Màmá, ó ti tó ìgbà wo tí ohùn yín ti rí báyìí?" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti rí kókó náà lára gògóńgò rẹ̀.

Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí. Ẹni tó ti ń fi etí lásán dá jẹjẹrẹ ọ̀fun mọ̀ fún ìyá oníyàá láti bí ogún ọdún, kò gbọ́ ti ìyá tó bí i. Ẹni tó kọ́ níṣẹ́ ló gbọ́ ọ, lẹ́nu ọ̀nà, lórí ìdúró. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n bá a wí.

Òfin ilé ìwòsàn náà ni pé dókítà kan kì í tọ́jú òbí ara rẹ̀. Torí náà, Ọ̀gá Àgbà, ìyẹn olórí ẹ̀ka wọn, gbé fáìlì Màmá fún Ẹlẹ́rìn-ín. Ìtọ́jú ọjọ́ márùndínlógójì ni, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ méje. Màmá kó wá sílé ọmọ rẹ̀. Láràárọ̀, ọmọ á fi mọ́tò gbé e débẹ̀, á mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ parí sí. Àwọn ẹlòmíràn á gba ìyá rẹ̀ wọlé, òun á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Inú mọ́tò ni ìyà náà wà. Màmá ò ní ohùn, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, orí ìyìn Ẹlẹ́rìn-ín ló ń ná an sí.

"Ó jókòó," Màmá á sọ, wúyẹ́wúyẹ́. "Àní, ó fa àga, ó jókòó."

"Màmá, kí ni wọ́n tún ń fi àga ṣe?"

"Ìwọ kì í jókòó. Mo ti rí ẹ. Orí ìdúró lo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀."

"Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi ni."

"Ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ náà ò ṣófo."

Dókítà Rúlà á tẹ jíà bí ẹni ń gún nǹkan. Ká ní ìyá mìíràn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, á sọ̀rọ̀ sí i. Ti ìyá ẹni ò ṣeé fèsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbòjú, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ta ìtànṣán sí lọ́rùn kò gbọ́dọ̀ mira. Torí ìyẹn, wọ́n máa ń ṣe ìbòjú kan fún un. Ike pẹlẹbẹ oníhò wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná títí á fi rọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ lé ojú, ọrùn àti èjìká aláìsàn, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú àti àgbọ̀n. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á gan, á sì di ti onítọ̀hún nìkan. Lójoojúmọ́, wọ́n á fi ìbòjú yìí kan orí rẹ̀ mọ́ tábìlì pinpin. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ba Màmá náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe tiẹ̀, ó dìde kúrò lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́rìn-ín mú ike náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ bá mi wò ó. Irú aṣọ wo nìyí?"

Màmá nà án, ó fi èékánná họ ọ́, ó gbé e sókè síbi iná. "Ta ló rán èyí?" ló bi wọ́n. "Kò fi bọ́tìnnì sí i."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Màmá padà sùn, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Dókítà Rúlà dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń wò wọ́n. Òun ti ṣe ìbòjú fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn, kò wá sí i lọ́kàn rí pé wọ́n lè gbé ike náà lé aláìsàn lọ́wọ́. Ó rò ó pé ó dáa. Inú sì bí i pé ó dáa.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ò parí síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá rí i pé bọ́tìnnì kan ti já lára aṣọ funfun Ẹlẹ́rìn-ín. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, ó ti tó ọdún kan tó ti fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n bá òun wá abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó jókòó sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dúró, ó rán an mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹni tó sọ fún Dókítà Rúlà rò pé inú rẹ̀ á dùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀gá dókítà tí wọ́n ń dìde fún ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó gbá bọ́tìnnì àárín aṣọ tirẹ̀ mú, ó sì fà á já. Mi ò parọ́ mọ́ ọn. Ó gbé aṣọ náà délé, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, bọ́tìnnì mi já." Màmá wò ó lórí àga tó fara tì. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Gbé e síbẹ̀. Tí mo bá lágbára." Aṣọ náà wà níbẹ̀ di ọjọ́ kẹta, ó bá tẹ́ìlọ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀fun Màmá ti ń ta á. Ìtànṣán ti bó o nínú, gbígbé itọ́ mì di iṣẹ́. Oúnjẹ olómi ló ń fi ṣíbí kékeré lá, ìdajì abọ́ ló sì ń parí. Ó ń rù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àgbọ̀n ara rẹ̀ mú.

"Ìbòjú yẹn ti tú lára mi," ló sọ.

Ọmọ rẹ̀ gbé ojú sókè. "Ó tú báwo?"

"Mo lè yí ọrùn nínú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mi ò lè mira. Lónìí, mo fi àgbọ̀n ṣe báyìí, mo tún ṣe báyìí. Ẹni tó ni ín ti rù, aṣọ ò sì rù. Àfi kí wọ́n ká a mọ́."

"Ṣé ẹ sọ fún àwọn tó ń darí ẹ̀rọ?"

"Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan, mo na àtàǹpàkò sókè." Màmá fi omi ra ẹnu, ó dúró kí ìrora náà lọ. "Mo ní mo ní dókítà nílé."

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Mà á rí sí i."

Ohun tó yẹ kó ṣe ò ju ìpè kan lọ. Kí ó pe Ẹlẹ́rìn-ín, kí ó ní, "Ìbòjú ìyá mi ti tú." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n á ti ṣe òmíràn, wọ́n á ya fọ́tò tuntun, wọ́n á tún ìlà fà. Ó tiẹ̀ ti gbé fóònù. Ó ti rí orúkọ ọkùnrin náà lójú fóònù. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí i lọ́kàn pé: kò rí i. Ẹlẹ́rìn-ín tó gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà, kò rí èyí. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń yẹ Màmá wò, ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó sọ àwàdà rẹ̀, kò sì rí i pé Màmá ń rù. Dókítà Rúlà gbé fóònù kalẹ̀. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí Màmá gba ìtọ́jú tán, ó lọ jókòó sídìí kọ̀mpútà, ó ṣí fáìlì tí kò yẹ kó ṣí. Kí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, wọ́n máa ń ya fọ́tò kékeré kan láti mọ̀ bóyá aláìsàn wà ní àyè rẹ̀. Ó wò ó. Lóòótọ́, àlàfo ti wà láàárín awọ ara Màmá àti ìbòjú náà, ó fẹ̀ tó ìka kan lábẹ́ àgbọ̀n. Ọrùn ti tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ti sún tábìlì ní mìlímítà mẹ́rin láti tún un ṣe. Òfin wọn ni pé tó bá ju márùn-ún lọ kí wọ́n pe dókítà. Kò tíì ju márùn-ún, wọn ò sì pè é. Ṣùgbọ́n Dókítà Rúlà mọ̀ pé wọ́n lè sún tábìlì, wọn ò lè fi tábìlì na ọrùn tó tẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo ilé ìwòsàn náà lọ. Ó da fọ́tò mẹ́ta kọ sínú fáìlì tirẹ̀, ó fi ìlà pupa sí ibi àlàfo náà, ó dúró de Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo wọn máa ń ṣe ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Kóòtù. Dókítà kọ̀ọ̀kan á gbé àwòrán rẹ̀ sórí ògiri, àwọn yòókù á sì máa wá ibi tó kù sí. Kò sí ìyọ́nú níbẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé òun á gbé fọ́tò yìí sókè níwájú gbogbo wọn, ìròyìn á dé etí Màmá kí ilẹ̀ tó ṣú: dókítà yín ò rí i, ọmọ yín ló rí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ló wà láàárín. Ó ní ọjọ́ méjì péré ni, nínú ọjọ́ márùndínlógójì. Ó ní okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ò sí nítòsí. Ó bá ara rẹ̀ ṣe ìṣirò náà títí ó fi bá a lára mu. Ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, Màmá bi í pé, "Ṣé wọ́n gbọ́?" Ó ní, "Wọ́n ń ṣètò ẹ̀, Màmá." Lọ́jọ́rú, Màmá ò bi í mọ́.

Nígbà tó kan Dókítà Rúlà ní Kóòtù, ó dìde. Ó de bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ dókè. Ó ní, "Kì í ṣe aláìsàn tèmi ni mo fẹ́ fi hàn yín lónìí." Ó gbé fọ́tò àkọ́kọ́ sórí ògiri, ó fi iná pupa kékeré tọ́ka sí àlàfo náà. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ohùn rẹ̀ tutù, ó rọra ń yan ọ̀rọ̀. Ó ní aláìsàn yìí ti fi kílò mẹ́fà rù. Ó ní ìbòjú rẹ̀ ti tú pátápátá. Ó ní ìbéèrè tí òun ní fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ni pé, kí ló ń wò lọ́jọ́ Ẹtì?

Ẹlẹ́rìn-ín ń wo ògiri. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òótọ́ ni, Mà. Mi ò rí i. Ó yẹ kí n rí i." Dókítà Rúlà gbọ́ ọ bó ṣe fẹ́ gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, ó sì dùn mọ́ ọn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Ẹni tó wá sọ̀rọ̀ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Oníṣirò, ẹni tó ń ṣírò bí ìtànṣán ṣe ń pín nínú ara. Ọkùnrin náà kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ ògiri, ó fi ìka sí igun fọ́tò náà nísàlẹ̀, níbi tí kọ̀mpútà máa ń kọ ọjọ́ sí.

"Fọ́tò Túsìdeè nìyí," ló sọ.

Àwọn kan nínú wọn na ọrùn kí wọ́n lè rí i.

"Ọjọ́bọ̀ la wà." Ó yíjú sí Dókítà Rúlà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dá a lẹ́bi, ó fẹ́ mọ̀ ni, torí ìṣirò. "Mà, ìgbà wo lẹ rí i?"

Dókítà Rúlà lè parọ́. Ó wá irọ́ náà, kò rí i. Ọ̀gá Àgbà ti bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Dókítà, ìyá tìẹ kọ́ rèé?"

Kí Dókítà Rúlà tó la ẹnu, Ẹlẹ́rìn-ín ti wà lórí fóònù. Ó ń bá yàrá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. "Màmá tó máa ń wọlé ní aago mẹ́wàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wọn sórí tábìlì lónìí. Ẹ fi wọ́n síbi tó tutù, ẹ fún wọn lómi. Mò ń bọ̀." Ó ti ilẹ̀kùn jáde, ó ń sáré. Kò wo ẹ̀yìn, kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹni tó tú u síta níwájú ogún èèyàn. Dókítà Rúlà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú iná pupa lọ́wọ́, ojú tì í dé egungun. Ẹ sì wo owú bó ṣe burú tó: nínú ìtìjú yẹn náà, ó ṣì ń jowú eré tí ọkùnrin náà ń sá.

Oníṣirò ṣe ìṣirò rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ò fara pa. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, etí kókó náà lápá òsì ò gba ìtànṣán tó yẹ kó gbà. Wọ́n á ṣe ìbòjú tuntun, wọ́n á yàwòrán tuntun, wọ́n á sì fi ọjọ́ méjì kún ìtọ́jú náà. Ọjọ́ méjì, fún obìnrin tó ń di tábìlì mú kó tó lè gbé omi mì. Bóyá jẹjẹrẹ náà rí àyè kankan gbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, Oníṣirò ní òun ò lè fi nọ́ńbà sọ ìyẹn. Ọ̀gá Àgbà ò pariwo. Ó ní, "Ohun tí màá ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí, màá kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sọ fún ìyá ẹ. Kì í ṣe Ẹlẹ́rìn-ín."

Màmá jókòó sí yàrá kékeré tí wọ́n fi í sí, fèrèsé ṣí, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà Rúlà wọlé. Ó wo àga tó wà níbẹ̀, ó fà á, ó jókòó.

Ó sọ ọ́ pátá. Ó sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ ti fọ́tò, ó sọ ti Kóòtù. Ó sọ ti ọjọ́ méjì tí wọ́n máa fi kún un. Màmá ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Mọ́ńdè ni mo sọ fún ẹ," ni Màmá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"O ní wà á rí sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"O ní wọ́n ń ṣètò ẹ̀."

Dókítà Rúlà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé?"

"Mò ń jowú ni." Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu rẹ̀, ó dà bíi ti ọmọ ọdún mẹ́fà. "Mò ń jowú dókítà yín. Gbogbo ọ̀rọ̀ yín, òun ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé òun náà lè ṣe àṣìṣe. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé èmi ni mo ríran."

Màmá gbé ife sílẹ̀.

"Àwàdà ni mò ń bá ọkùnrin yẹn ṣe," ló sọ. Ó dúró, ó tún mí. "Gbogbo ìgbà tó bá bi mí pé ara ńkọ́, mo máa ń ní ó dáa. Ẹ̀rù tó ń bà mí, mi ò sọ fún un. Ìbòjú tó tú, mi ò sọ fún un. Mo rí i láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kí mi, mo kí i, mi ò sọ. Mo gbé e wálé. Mo ní ọmọ mi ni mà á sọ ọ́ fún, torí ọmọ mi ò ní fi ṣeré."

Dókítà Rúlà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màmá ò ní kó dákẹ́. Kò sì nawọ́ sí i. Ó kàn ń wò ó, bó ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n ti gé tí kò ṣeé gé mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nọ́ọ̀sì wá mú wọn lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìbòjú. Wọ́n gbà kí Dókítà Rúlà wọlé lọ́tẹ̀ yìí, torí ọmọ aláìsàn ni, kì í ṣe dókítà rẹ̀. Ó dúró síbi ẹsẹ̀ tábìlì. Wọ́n tẹ́ ike gbígbóná náà lé ojú Màmá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àgbọ̀n tó ti mú ṣómúṣómú, wọ́n dúró kó gan. Nígbà tí wọ́n ṣí i kúrò, Dókítà Rúlà tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé ó fún yín dáadáa? Ṣé kò sí ibi tó tú?"

Màmá gbọ́ ọ. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yí orí sí òdìkejì, níbi tí Ẹlẹ́rìn-ín dúró sí, ó fi ìka pè é. Ọkùnrin náà wo Dókítà Rúlà bí ẹni ń tọrọ àyè, kó tó tẹ orí ba. Màmá fi ọwọ́ kan di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín ń mi orí. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá. Mo gbọ́."

Dókítà Rúlà ò gbọ́ nǹkan kan níbi tó dúró sí.